Awò tí Ń Gbé Ènìyàn Lọ Láìkúrò Lójú Kan

Bí àlejò láti ìlú òkè bá kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ní Abereke, ní etí omi Ìlàjẹ, tí ìgbì sì ń gbé ọkọ̀ náà sókè sílẹ̀, kì í pẹ́ tí òòyì fi ń kọ́ ọ, tí èébì sì ń gbé e. Ọmọ Ìlàjẹ tí ó bá a jókòó a máa rẹ́rìn-ín, nítorí ara tirẹ̀ ti mọ ìgbì láti kékeré. Kì í ṣe àrùn ni ó ń ṣe àlejò náà. Ojú àti etí rẹ̀ ni ó ń jà. Nínú lọ́hùn-ún etí, omi díẹ̀ wà tí ó máa ń mì bí orí bá ti mì, òun ni ó sì ń sọ fún ọpọlọ bóyá a dúró tàbí à ń lọ. Bí etí bá wí pé, "À ń lọ," tí ojú tí ó tẹ̀ mọ́ inú ọkọ̀ sì wí pé, "A dúró," ọpọlọ kò mọ ẹni tí yóò gbà gbọ́.

Irú ìjà yìí gan-an ni awò tí a ń dè mọ́ ojú, tí wọ́n ń pè ní virtual reality, lè dá sílẹ̀. Kìkì pé níhìn-ín ojú ni ó ń wí pé à ń lọ, etí ni ó ń sẹ́.

Tẹlifíṣọ̀n kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a ti ń wò ó, ògiri wà lẹ́yìn rẹ̀, ewúrẹ́ ń ké níta, ọpọlọ sì mọ̀ dájú pé àwòrán ni. Awò yìí ní tirẹ̀ bo ojú pátápátá. Ó fi àwòrán kan han ojú ọ̀tún, ó sì fi òmíràn tí ó yàtọ̀ díẹ̀ han ojú òsì, bí ojú méjèèjì ti ń rí ayé gan-an. Charles Wheatstone, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣàlàyé ọgbọ́n yìí láti ọdún 1838. Bí a bá yí orí, ìran náà a yí pẹ̀lú. Ẹni tí a bá fi ọ̀gbun hàn nínú rẹ̀ a máa fà sẹ́yìn, bí ó tilẹ̀ mọ̀ pé orí ẹní ni òun dúró sí.

Agbára yìí ni Joel Kachi Benson, ọmọ Nàìjíríà, lò nínú fíìmù Daughters of Chibok, tí ó gba ẹ̀bùn ní Venice ní ọdún 2019. Ìyá kan ni ó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn ọmọbìnrin 276 tí a jí gbé ní ọdún 2014. Ẹni tí ń wo tẹlifíṣọ̀n lè gbójú kúrò. Ẹni tí ó dé awò náà mọ́jú, ibikíbi tí ó bá yíjú sí, Chibok ni.

Síbẹ̀, ọpọlọ kì í gba ohun gbogbo gbọ́. Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Kalifóníà ní Los Angeles sọ ohun tí wọ́n rí lára àwọn eku tí wọ́n fi sí àárín irú ayé àwòrán bẹ́ẹ̀. Nínú apá ọpọlọ tí ó ń ṣètò ọ̀nà àti ibùgbé fún wa, nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ni ó dákẹ́. Lóòótọ́, eku kì í ṣe ènìyàn, wọn kò sì de awò mọ́ wọn lójú. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ojú nìkan kò tó láti fi mọ ọ̀nà. Apẹja Abereke tí ń bọ̀ wálé lóru mọ èyí: òórùn ẹja tí a ń yan, ìṣàn omi lábẹ́ ọkọ̀ àti afẹ́fẹ́ lára rẹ̀, gbogbo wọn ni ó ń júwe ilé fún un.

Bí a bá sì bọ́ awò náà tán, òòyì lè wà lójú fún ìgbà díẹ̀, bí ilẹ̀ ti máa ń mì lẹ́sẹ̀ àlejò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ọmọdé tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ọ kò gbọdọ̀ gun afárá pákó títí ojú rẹ̀ yóò fi wálẹ̀.