Tráàpù Balùwẹ̀: Ohun Kékeré Tó Ń Dí Òórùn Lọ́nà

Òórùn tó ń ti ihò omi balùwẹ̀ jáde, àti aáyán tó ń gba ibẹ̀ wọlé, tráàpù ló ń dí wọn lọ́nà. Páìpù tó tẹ̀ ni, tí omi díẹ̀ máa ń dúró sínú rẹ̀. Omi yẹn gan-an ni ìdérí. Láti 1775 ni Alexander Cumming ti gba ìwé àṣẹ lórí irú rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ má fojú kéré e. Ní 2003, ní àwọn ilé Amoy Gardens ní Hong Kong, àrùn SARS mú èèyàn tó lé ní 300. Àwọn tó wádìí rẹ̀ sọ pé omi tó ti gbẹ nínú tráàpù balùwẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kó ràn.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ní Molútẹ̀hìn níbí, iyọ̀ òkun a máa jẹ irin, nítorí náà onírọ́bà ni kí ẹ rà. Kí ẹnu rẹ̀ tó ínǹṣì 2, kí omi tó ń dúró nínú rẹ̀ náà jìn tó ínǹṣì 2. Ẹ yan èyí tí páìpù rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Èyí tó já sísàlẹ̀ tààrà lè fa omi ìdérí náà lọ.

Ẹ kọ́kọ́ tò ó pọ̀ láìfi gọ́ọ̀mù sí i. Bó bá ti bára mu, ẹ fi sáńpépà ha etí páìpù, kí ẹ wá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Kí páìpù rọra dagẹ̀rẹ̀, ìdámẹ́rin ínǹṣì sí ẹsẹ̀ bàtà kan. Bí gọ́ọ̀mù bá gbẹ, ẹ da omi garawa kan sí i, kẹ́ ẹ yẹ abẹ́ rẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó fi sìmẹ́ńtì tàbí pákó bò ó.

Ẹ̀yin tí ilé yín wà lórí òpó, ẹ so páìpù mọ́ igi ilé kí ìgbì má baà mì í. Kí ẹnu rẹ̀ ga ju ibi tí omi ń kún dé, kó sì jìnnà síbi tí ẹ ti ń pọnmi. Tráàpù kì í dá omi tó ń padà bọ̀ dúró o. Òórùn àti kòkòrò ló wà fún.

Bí ẹ bá ń lọ sọ́jà Èkó fún ọjọ́ pípẹ́, ẹ da omi sí i, kẹ́ ẹ kán òróró díẹ̀ lé e kó má tètè gbẹ.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó mú un wá sípàdé. Ire o.