Ohun Tí Ó Ń Pa Wá Lẹ́kún Nídìí Sinimá Nínú Ilé



Àgbàlagbà jókòó nínú ilé ara rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó nà án, kò sí ẹni rẹ̀ tí ó kú. Síbẹ̀ omi ń bọ́ lójú rẹ̀ nítorí sinimá tí ó ń wò. Ó mọ̀ dájúdájú pé òṣèré ni ẹni tí ń kú náà, àti pé yóò dìde nígbà tí wọ́n bá ya àwòrán tán. Kí ni ó wá ń pa á lẹ́kún?

Ìbéèrè yìí ti pẹ́. Augustine, ẹni tí a bí ní ọdún 354 ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Algeria lónìí, kọ ọ́ sínú ìwé Ìjẹ́wọ́ rẹ̀ pé nígbà tí òun wà ní ọ̀dọ́ ní ìlú Carthage, òun fẹ́ràn eré ìbànújẹ́ púpọ̀. Ó yà á lẹ́nu pé ènìyàn a máa fi ìfẹ́ wo ìyà tí òun tìkára rẹ̀ kò ní fẹ́ jẹ.

Ọ̀nà mẹ́ta ni sinimá ń gbà wọ inú ọkàn wa. Èkíní ni ojú. Ayàwòrán a máa gbé ojú òṣèré sún mọ́ wa tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń rí ètè rẹ̀ bí ó ti ń gbọ̀n. Ara wa kì í dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ òye: bí ojú tí a ń wò bá fà ro, tiwa náà a fà ro. Èkejì ni etí. Orin àti ìlù a máa kìlọ̀ fún wa pé ewu ń bọ̀ kí a tó rí i, àyà a sì bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ẹ̀kẹta ni ìrántí, òun ni ó sì jinlẹ̀ jù. Opó tí ń wo opó nínú sinimá, ọkọ tirẹ̀ ni ó ń sunkún.

Ilé sì ń ran mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́. Láàárín èrò, ìtìjú a máa dí ẹkún mọ́ wa lọ́fun. Nínú yàrá wa kò sí ẹni tí a ń tijú fún.

Ǹjẹ́ àléébù ni ẹkún yìí? Rárá o. Ẹni tí àánú kò lè ṣe ni a bá máa bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ọmọ kékeré kò tí ì lè ya eré sọ́tọ̀ kúrò lára òtítọ́. Nítorí náà kò yẹ kí ó máa dá wo ohun ẹ̀rù.

Ewu tí ó kù ni èyí tí Augustine rí: pé ẹkún eré kò ránni níṣẹ́. Ìyá ilé lè sunkún nítorí ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n ń jẹ níyà nínú sinimá, nígbà tí ọmọ ọ̀dọ̀ tirẹ̀ kò tí ì jẹun láti àárọ̀. Nínú Ṣaworoidẹ, tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1999, ọba kan kọ̀ láti bá ìlú Jogbo mulẹ̀, kí ó lè rí àyè kó ọrọ̀ jọ. A bínú sí i bí Dáfídì ti bínú sí ọlọ́rọ̀ tí Nátánì ròyìn rẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n Dáfídì gbọ́ ìparí ọ̀rọ̀ náà: òun ni ọkùnrin náà.

Nítorí náà, nígbà tí sinimá bá tán, ẹ má ṣe yára nu ojú kí ẹ sì gbàgbé. Ẹ bi ara yín pé, ta ni nínú ilé yìí, tàbí ní àdúgbò yìí, ni ẹkún mi tọ́ sí? Kí ẹ sì dìde tọ̀ ọ́ lọ.