Nọ́nọ̀ Tó Kan Kò Tíì Bàjẹ́

Bí a bá ra nọ́nọ̀ lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní, tí ó di ọjọ́ kejì tí ó kan gógó, ńṣe ni a máa ń dà á nù. Owó oúnjẹ wa ni a ń dà nù yẹn. Ṣebí ògì náà ń kan kí á tó mu ún?

Kíkan rẹ̀ gan-an ló wúlò. Ẹ fi iyọ̀, ata àti àlùbọ́sà sí i, kí ẹ rẹ ẹran adìẹ sínú rẹ̀ fún wákàtí 1 kí ẹ tó sè é. Ẹran náà yóò rọ̀. Tàbí kí ẹ po nọ́nọ̀ ife 1 mọ́ fúláwà ife 1, ẹyin 1 àti ìdajì ṣíbí kékeré sódà tí àwọn aṣe-kéèkì ń lò. Bí kíkan bá pàdé sódà, afẹ́fẹ́ yóò gbé e wú. Ẹ dín in ní paǹkéèkì.

Ẹ rí i pé ó jinná dáadáa, nítorí wàrà tí a kò sè lè gbé àrùn bí ikọ́ ẹ̀gbẹ wá. Èyí tó bá ti bu, tó korò tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà, ẹ dà á nù kíákíá. Bí a ti ń ṣọ́ àpò wa, kí á ṣọ́ ikùn wa pẹ̀lú o.