Àwọn Háráfì Tí Ètè Méjèèjì Ń Pè

Gbogbo ọpẹ́ jẹ́ ti Ọlọ́hun, Ẹni tí ó fún ènìyàn ní ahọ́n àti ètè méjì. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad.

Ẹ̀yin ọmọ kéwú, ẹ̀yin òbí wa àti ẹ̀yin jámáà mọ́ṣáláṣí, ọ̀rọ̀ ètè ni a fẹ́ bá yín sọ lọ́dún yìí. Ìdí rẹ̀ ni pé bí àwọn ọmọ bá ń ka Súúrà al-Masad, ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa sọ "lahab" di "lahabu", wọn a sọ "kasab" di "kasabu". Àwọn òbí a ní ohùn ọmọ dùn. Ohùn dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kíkà náà kò tíì gún. Àwa olùkọ́ náà ní ẹ̀bi tiwa níbẹ̀, nítorí pé a máa ń kánjú.

Àwọn onímọ̀ Tajwiid pín ibi tí háráfì ti ń jáde sí ọ̀nà ńlá márùn-ún: àlàfo inú ẹnu àti ọ̀fun, ọ̀fun fúnra rẹ̀, ahọ́n, ètè àti ihò imú. Ibn al-Jazari, tí ó kú ní ọdún 1429, ka gbogbo ibùjáde náà sí 17. Háráfì mẹ́rin ni ti ètè: Fau (ف), Bau (ب), Mimu (م) àti Wawu (و). Ṣùgbọ́n eyín òkè ni ó ń kan inú ètè ìsàlẹ̀ nínú Fau. Mẹ́ta tí ó kù ni ti ètè méjèèjì.

Bau: ẹ pa ètè dé dáadáa, kí ẹ sì ṣí i.

Mimu: ẹ pa ètè dé wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ohùn gba imú jáde. Ẹ di imú yín mú kí ẹ pè é, ẹ ó rí i pé kò ní lọ. Bau kò ní irú ìdíwọ́ bẹ́ẹ̀.

Wawu: ètè kì í kan ara wọn. Ẹ kó wọn jọ róbótó bí ẹni tí ó fẹ́ súfèé.

Ẹni tí ó bá fi Mimu rọ́pò Bau lè sọ ilé di òkú, nítorí "bayt" ni ilé, "mayt" sì ni òkú.

Yorùbá ní b, m àti w, nítorí náà kò yẹ kí wọ́n ni wá lára. Ohun mẹ́ta ni kí a ṣọ́ra fún.

Èkíní, nígbà tí a bá ń pe "gb" tàbí "p", bí ètè ti ń pàdé ni ẹ̀yìn ahọ́n ń kan òkè ẹnu. Lárúbáwá kò ní ìkankan nínú méjèèjì. Bau tín-ín-rín ni. Ẹ má jẹ́ kí ó wúwo di "gb", pàápàá bí háráfì wíwúwo bá tẹ̀lé e, bí i "baṭal", akọni.

Èkejì, ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí, fáwẹ̀lì ni a máa ń fi tì í. Ìyẹn ni "al-baraka" fi di àlùbáríkà lẹ́nu wa. Ibẹ̀ náà ni "lahabu" ti wá. Nínú áyà márùn-ún Súúrà al-Masad, mẹ́rin ni ó fi Bau parí! Qalqalah ni oògùn rẹ̀. Bau wà lára háráfì márùn-ún rẹ̀, pẹ̀lú ق, ط, ج àti د. Bí a bá dúró lé e, ẹ jẹ́ kí ètè pàdé, kí wọ́n sì tú sílẹ̀ pẹ̀lú ìró kékeré, láì fi "u" tàbí "i" kún un.

Ẹ̀kẹta ni iqlaab. Bí Nunu tí kò ní fáwẹ̀lì bá ṣíwájú Bau, Mimu ni yóò dà, pẹ̀lú ohùn imú: "min baʿd" a di "mim baʿd". Àwọn ọmọ rò pé ó le, bẹ́ẹ̀ ni a ń ṣe é lójoojúmọ́. A ń kọ "ó ń bọ̀", ṣùgbọ́n ẹnu wa ń pè é ní "ó ḿ bọ̀". Ẹ fi ọwọ́ kan ètè yín kí ẹ wò ó: ètè ti pa dé de "b" kí ó tó dé.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ń kéwú nílé, ẹ má fi etí nìkan gbọ́ ọ, ẹ wo ètè rẹ̀. Dígí kékeré kan tó fún iṣẹ́ yìí. Kí a tó rán aṣọ wòlímọ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tún kíkà ọmọ ṣe.

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí ìmọ̀ wa. Àmín.