Fáfúnwá àti èdè tí ọmọdé fi ń ronú

Àwọn kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ń bi mí pé kí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá ṣe gan-an. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín ní ṣókí.

Ìsàlẹ̀ Èkó ni a bí bàbá sí ní 1923. Ní 1955 wọ́n gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ní New York University. Àwọn ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba irú rẹ̀.

Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ ni wọ́n wà. Ní ilé ìwé St. Stephen's, Mọdákẹ́kẹ́, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà gbáko. Tíṣà ọ̀tọ̀ ló ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ẹgbẹ́ wọn yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn ọlọ́dún mẹ́fà ló ta yọ, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì gbẹ́yìn. Àbí, ọmọ tó ṣì ń wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tíṣà, ìgbà wo ló fẹ́ ráyè ro ìṣirò?

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ará etíkun Àgbádárìgì gan-an. Níbí ni àwọn Mẹ́tọ́díìsì ti dá ilé ìwé sílẹ̀ ní 1843. Ṣùgbọ́n Ògù, tí àwa Yorùbá ń pè ní Ègùn, ni ọ̀pọ̀ ọmọ ibí ń sọ nílé. Bí a bá ní Yorùbá ni kí wọ́n fi kàwé torí pé Èkó ni, ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ṣì wọ́n lọ́nà náà la tún mú wọn padà sí.

Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí èdè abínibí fún ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025 wọ́n fagi lé e. Bàbá ti lọ ní 2010, ṣùgbọ́n ẹ̀rí Mọdákẹ́kẹ́ ṣì wà nílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ta kò ó, kó kọ́kọ́ fi ọdún mẹ́fà dán tiẹ̀ wò.