Àwòrán Ilẹ̀ ní Ilé Ìkàwé Oxford

Àwọn àgbà ní abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tí a lè bi ní ọ̀nà ńkọ́? Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, àwòrán ilẹ̀, èyí tí a tún ń pè ní máàpù, ni ó ń ṣe amọ̀nà. Òun ni ó ń sọ ibi tí odò gbà kọjá, ibi tí òkè wà, àti bí ìlú kan ti jìnnà sí èkejì tó. Arìnrìn-àjò lè ra ẹyọ kan, kí ó sì sọ ọ́ nù nígbà tí ó bá dé ibi tí ó ń lọ. Yunifásítì kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ojúṣe tirẹ̀ ni láti kó àwòrán ilẹ̀ àtijọ́ àti ti òde-òní jọ, kí ó tọ́jú wọn, kí ó sì gbé wọn kalẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ fi wọ́n ṣe ìwádìí. Ọ̀kan nínú àwọn tí iṣẹ́ yìí ti pẹ́ lọ́wọ́ wọn ni Bodleian, ilé ìkàwé Yunifásítì Oxford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwòrán ilẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ lé ní 1,500,000.

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwòrán ilẹ̀ ń gbà wọ irú ilé ìkàwé bẹ́ẹ̀: òfin, ẹ̀bùn àti rírà. Òfin ni ó ń mú ọ̀pọ̀ wá. Ní ọdún 1602 ni Sir Thomas Bodley ṣí ilé ìkàwé náà, lẹ́yìn tí ó ti fi owó ara rẹ̀ tún un ṣe. Ní ọdún 1610, ó bá ẹgbẹ́ àwọn òǹtẹ̀wé ìlú London ṣe àdéhùn pé kí wọ́n máa fi ẹ̀dà kan nínú ìwé tuntun tí wọ́n bá tẹ̀ ránṣẹ́ sí Oxford. Nígbà tí ó yá, irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ di òfin, òfin náà sì kan àwòrán ilẹ̀ bí ó ti kan ìwé. Ní ọdún 1791, ìjọba dá ẹgbẹ́ awọnlẹ̀ kan sílẹ̀, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ordnance Survey. Ní ọdún 1801 ni wọ́n tẹ àwòrán wọn àkọ́kọ́ jáde, ti agbègbè Kent. Àwọn awọnlẹ̀ wọ̀nyí a sì máa padà lọ wọn ibi tí wọ́n ti wọ̀n rí, nítorí pé ilẹ̀ kì í dúró sójú kan: a ń la ọ̀nà tuntun, ìletò ń di ìlú, igbó ń di oko. Nígbà tí tuntun bá dé, ilé ìkàwé kì í ju ti àtijọ́ nù. Ó ń tọ́jú àwọn méjèèjì ni.

Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ̀bùn ni ó mú ọ̀pọ̀ nínú àwọn àkísà iyebíye ilé ìkàwé yìí wá. Ní ọdún 1774, Richard Gough, ẹni tí ó fẹ́ràn ohun àtijọ́ púpọ̀, ra àwòrán ilẹ̀ Bìrìtéènì kan níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù olóògbé kan. Ṣílè méjì ààbọ̀ péré ni ó san. Orí awọ ẹran ni wọ́n ya àwòrán náà sí. Ìlà-oòrùn ni ó wà ní òkè rẹ̀, kì í ṣe àríwá bí ó ti mọ́ wa lára lónìí. Ibi tí ó hàn nínú rẹ̀ ju 600 lọ, ìlà pupa sì so ìlú mìíràn pọ̀ mọ́ èkejì, pẹ̀lú iye tí ó ń fi jíjìn ọ̀nà hàn. Nígbà tí Gough kú ní ọdún 1809, ó fi í sílẹ̀ fún Bodleian. Ọjọ́ orí rẹ̀ ti tó nǹkan bí 600 ọdún báyìí. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí kò mọyì rẹ̀ ni ó rà á ní ọjọ́ náà, ta ni ó mọ̀ bóyá eku ni ìbá jẹ ẹ́?

Kíkójọ nìkan kò tó, nítorí pé ohun tí a kò bá tọ́jú kì í pẹ́ bàjẹ́. Oòrùn a máa pa àwọ̀ rẹ́, ọ̀rinrin a máa hu èbu, kòkòrò a sì máa jẹ ìwé. Bí a bá ń ká àwòrán ilẹ̀ tí a sì ń tú u lemọ́lemọ́, ojú ibi tí a ti ṣẹ́ ẹ po ni yóò kọ́kọ́ ya. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń tẹ́ wọn sílẹ̀ gbalaja nínú dúrọ́ọ̀ fífẹ̀ tí kò jinlẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ìwé mìíràn bò wọ́n kí eruku má baà bà wọ́n.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ àkọsílẹ̀. Olùtọ́jú gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ilẹ̀ tí àwòrán náà ń fi hàn, orúkọ ẹni tí ó yà á, ọdún tí a yà á, àti ìwọ̀n rẹ̀. Ìwọ̀n ni ó ń sọ bí a ti sọ ilẹ̀ di kékeré tó. Bí ìwọ̀n bá jẹ́ ọ̀kan sí 50,000, sẹ̀ǹtímítà méjì lórí ìwé dúró fún kìlómítà kan lórí ilẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo lè gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún ewé. Olùtọ́jú yóò wá ya àwòrán kékeré kan, yóò pín in sí igun mẹ́rin-mẹ́rin bí ojú àwọ̀n, yóò sì kọ nọ́ńbà ewé kọ̀ọ̀kan sí ojú tirẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ìka tọ́ka sí ìlú rẹ̀ yóò rí nọ́ńbà ewé tí ó yẹ kí ó béèrè. Bí kò bá sí irú àkọsílẹ̀ yìí, ohun tí ó wà nínú ilé dàbí ohun tí ó sọnù.

Kí a tó gba ẹnikẹ́ni láyè láti máa lo Bodleian, ó gbọ́dọ̀ ṣe ìlérí pé òun kò ní mú iná wọlé, òun kò ní mu sìgá níbẹ̀, òun kò sì ní ba ohunkóhun jẹ́. Níwájú àwòrán ilẹ̀, pẹ́ńsù ni a fi ń kọ̀wé, nítorí pé ẹ̀kán tàdáwà kan lè ba iṣẹ́ ọgọ́rùn-ún ọdún jẹ́. Ọlọgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́kọ́ wo ọdún, yóò wo ìwọ̀n, yóò sì wo àlàyé àwọn àmì tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́. Lẹ́yìn náà ni yóò tẹ́ ewé ọdún méjì ti ibì kan náà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Nípa bẹ́ẹ̀ ni ó fi lè mọ ìgbà tí ọ̀nà reluwé dé ìlú kan, tàbí kòtò àtijọ́ tí ó wà lábẹ́ ibi tí a fẹ́ kọ́lé sí.

Àwòrán tí ó ṣì ilẹ̀ yà pàápàá ní ìwúlò tirẹ̀. Ní ọdún 1798, James Rennell ya àwòrán apá àríwá Áfíríkà láti bá ìwé ìrìn-àjò Mungo Park rìn. Ó fa òkè gbọọrọ kan la Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà já, èyí tí a pè ní Òkè Kong. Àwọn ayàwòrán mìíràn wo tirẹ̀ kọ fún nǹkan bí 90 ọdún. Ṣùgbọ́n nígbà tí Louis-Gustave Binger dé ìlú Kong, tí ó wà ní Côte d'Ivoire òde-òní, nínú ìrìn-àjò tí ó ṣe láti 1887 sí 1889, kò rí òkè ńlá kankan. Bí a bá ti sun gbogbo àwòrán wọ̀nyẹn, báwo ni à bá ṣe mọ bí àṣìṣe ẹnì kan ti ń di ìmọ̀ gbogbo ayé nígbà tí kò sí ẹni tí ó béèrè?

Ìtàn kan tún wà tí ó fi hàn bí ìtọ́jú àti ìlò ti jọ ń rìn. Amòfin kan, John Selden, kú ní ọdún 1654, àwòrán ńlá ilẹ̀ Ṣáínà kan sì wà lára ohun tí ó ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé Bodleian ní ọdún 1659. Ó gùn ju mítà kan ààbọ̀ lọ. Ní ọdún 1687, ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà kan, Shen Fuzong, ṣàbẹ̀wò sí Oxford, ó sì ran Thomas Hyde, olórí ilé ìkàwé náà, lọ́wọ́ láti túmọ̀ ohun tí a kọ sí i. Nígbà tí ó ṣe, wọ́n gbàgbé rẹ̀. Aṣọ tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn le, ìwé náà sì ń sán.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2008, Robert Batchelor, òpìtàn kan láti Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n gbé e wá kí òun wò ó. Ó ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú àkọsílẹ̀, nítorí náà wọ́n rí i gbé wá. Nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ tí wọ́n sì fara balẹ̀ wò ó, wọ́n rí ìlà tín-ín-rín tí ó jáde láti etíkun Ṣáínà lọ sí ilẹ̀ Japan, Philippines àti àwọn erékùṣù gúúsù. Ọ̀nà ọkọ̀ àwọn oníṣòwò ni! Gbogbo ìgbà tí ó fi wà nínú ilé ni àwọn ìlà náà ti wà lójú rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ bọ́ aṣọ líle náà kúrò, wọ́n sì tún un ṣe tán ní ọdún 2011. Àwòrán náà ti wá ń jẹ́rìí pé àwọn oníṣòwò Ṣáínà mọ òkun náà dáradára ní 400 ọdún sẹ́yìn.

Ẹni tí ó fi í tọrẹ ṣe tirẹ̀, ẹni tí ó kọ nọ́ńbà sí i ṣe tirẹ̀, ẹni tí ó béèrè sì ṣe tirẹ̀; bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú wọn, ọ̀rọ̀ náà ìbá ti parun. Nítorí náà, bí a bá rí àwòrán ilẹ̀ gbígbó nínú àpótí ilé-ẹ̀kọ́ tàbí nínú ẹrù bàbá ẹni, kí a tó fi dáná, kí a kọ́kọ́ wo ọdún tí ó wà ní igun rẹ̀.