Dídì àti Yíyọ́ Epo Rọ̀bì Nínú Páìpù: Bí Ooru Ṣe Ń Dá Ìṣàn Padà

1. Ìfáárà

Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni Yorùbá máa ń lò fún òróró tó yí ìrísí padà: dì àti yọ́. Òrí a máa dì lásìkò ọyẹ́, a sì máa yọ́ bí oòrùn bá ràn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni epo rọ̀bì tí ìda pọ̀ nínú rẹ̀ ń ṣe. Bí ẹ̀rọ tó ń ti epo inú páìpù bá dákẹ́, epo á tutù, á dì, ìṣàn á sì dúró. Ooru ni a fi ń tú u, ṣùgbọ́n ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ ṣe pàtàkì ju bí ooru náà ṣe pọ̀ tó lọ.

2. Ìdí tí epo fi ń dì

Dídì yìí kò jọ ti omi tó di yìnyín. Ti ògì gbígbóná tó tutù di ẹ̀kọ ló bá a mu. Omi pọ̀ nínú ẹ̀kọ ju ìyókù lọ, síbẹ̀ ìwọ̀nba ògì ló dá omi náà dúró. Bákan náà, bí ìda tó yà sọ́tọ̀ nínú epo rọ̀bì bá tó nǹkan bí ìdá 2 nínú 100, ó lè so kọ́ra bí àwọ̀n, kí ó sì há epo tó ṣì jẹ́ olómi mọ́ àárín.

Oòrùn nìkan kò lè dènà èyí. Ìlú Sókótó jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára. Ooru ọ̀sán ibẹ̀ a máa tó 40°C ní oṣù kẹrin, ṣùgbọ́n bí a bá gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ ju mítà kan lọ, ìgbóná ibẹ̀ kò jìnnà sí ìpíndọ́gba ti ọdún, èyí tí í ṣe nǹkan bí 28°C sí 30°C. Nǹkan bí 40°C ni epo rọ̀bì orílẹ̀-èdè Uganda ti ń dì. Bí wọ́n bá gbé irú epo bẹ́ẹ̀ gba abẹ́ ilẹ̀ Sókótó, yóò dì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣètò páìpù EACOP, láti Kabaale ní Uganda dé Chongoleani nítòsí Tanga ní Tanzania, pẹ̀lú aṣọ foomu àti wáyà iná mànàmáná, kí epo inú rẹ̀ lè wà ní ìwọ̀n tó ju 50°C lọ. Kìlómítà 1,443 ni gígùn rẹ̀.

3. Agbára ẹ̀rọ nìkan kò tó

Ẹ jẹ́ kí a mú epo dídì kan tó ń fẹ́ agbára 50 Pascal kí ó tó já kúrò lára páìpù. Bí inú páìpù bá fẹ̀ tó ìdajì mítà, tí epo sì dì ní gígùn kìlómítà 10, agbára tí ẹ̀rọ yóò fi tì í yóò tó ìlọ́po 40 ti afẹ́fẹ́ ayé. Bí ó bá jẹ́ kìlómítà 100, yóò di ìlọ́po 400, èyí tí ọ̀pọ̀ páìpù kò lè gbà. Nítorí náà, ní abala-abala ni a ń tú u.

4. Ibi tí ooru ti ń bẹ̀rẹ̀

Bí a bá gbé abọ́ irin tí òrí dì sínú rẹ̀ lé ẹyín iná, eteetí ni yóò kọ́kọ́ yọ́. Òrí tó kù á sì máa yọ̀ kiri ní odidi. Bẹ́ẹ̀ ni ti páìpù. Yálà wáyà ló ń mú un gbóná ni, tàbí ooru omi híhó tí a fẹ́ sára ibi tí a hú síta, epo tó fara kan irin ló ń kọ́kọ́ yọ́. Kò di dandan kí gbogbo rẹ̀ yọ́ kí ẹ̀rọ tó lè tì í díẹ̀díẹ̀.

Ewu ń bẹ níbẹ̀. Epo àti ìda a máa fẹ̀ bí wọ́n bá gbóná. Bí a bá mú àárín páìpù gbóná nígbà tí ìhà méjèèjì ṣì dì pa, epo tó fẹ̀ kò ní rí ọ̀nà jáde, ó sì lè bẹ́ páìpù. Ohun tí epo tó tú síta lè fà kò ṣàjèjì ní Nàìjíríà: ní oṣù kẹwàá ọdún 1998, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn kú nínú iná páìpù ní Jesse, ní Ìpínlẹ̀ Delta, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bẹntiróòlù ni tọ̀hún, tí kì í ṣe epo dídì. Nítorí náà, ẹnu tó ṣí, níbi tí epo ti lè jáde, ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, tí a ó sì máa bá a lọ sẹ́yìn síbi tó ṣì dì.

5. Ìkádìí

Yorùbá kò nílò láti yá ọ̀rọ̀ fún kókó iṣẹ́ yìí. Ohun tó yẹ ni pé kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ fi ìyàtọ̀ hàn láàrin yọ́ létí àti yọ́ tán. Yíyọ́ létí ló ń dá ìṣàn padà. Ẹni tó bá dúró de yíyọ́ tán yóò fi ooru ṣòfò. Ẹni tó bá sì bẹ̀rẹ̀ láti àárín lè pàdánù páìpù, kí ó sì fi ẹ̀mí ṣòfò pẹ̀lú.